Ìbọn abẹ́ aṣọ níbi àjọ̀dún: New York àti Texas

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí o bá ti lọ ṣàríyá ló ń sọ bóyá ẹni tó dúró tì ọ́ lè fi ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ní New York, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ pé rárá. Lẹ́yìn tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Bruen ní oṣù Kẹfà 2022, tó sọ pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn jáde nílé, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tuntun: ìwé àṣẹ ìbọn kò wúlò ní Times Square (gbàgede ńlá kan ní ìlú New York), ní gbọ̀ngàn eré, àti ní òpópónà tí wọ́n dí fún ayẹyẹ tó gba ìyọ̀ǹda.

Ní Texas, láti 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò ká lọ́wọ́ kò, lè gbé ìbọn láìgba ìwé. Ó wá ku ọwọ́ àwọn tó ṣètò àjọ̀dún. Ìbọn dún ní State Fair, àjọ̀dún ńlá ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe ní Fair Park ní Dallas, ní oṣù Kẹwàá 2023, ènìyàn 3 sì fara gbọta. Ní 2024, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé mọ́, àyàfi àwọn agbófinró. Ken Paxton, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, pè wọ́n lẹ́jọ́ torí pé ilẹ̀ ìlú ni wọ́n ń lò, àmọ́ ilé-ẹjọ́ kò dá wọn dúró.

Ti New York ni mo fara mọ́. Lóòótọ́, Fair Park ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti lè yẹ ara wò. Òpópónà kò ní. Ṣùgbọ́n nínú èrò tó há gádígádí, bí ènìyàn mẹ́ta bá fa ìbọn yọ lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni ọlọ́pàá ṣe fẹ́ mọ ẹni tó wá gbèjà?