TES, SNSPD àbí MKID: èwo ni kí ẹ rà?

Kí ẹ tó béèrè iye owó TES, SNSPD tàbí MKID, oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n fi superconductor (ohun tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ tó bá tutù gan-an) ṣe láti gbá agbára bíńtín mú, ẹ kọ́kọ́ pinnu: ṣé bí agbára náà ṣe tó lẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí ìgbà tó dé gan-an? Ìdáhùn yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ẹ̀rọ fún yín.

Tó bá jẹ́ ìwọ̀n agbára, TES ni mo máa mú. Irin fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n mú tutù dé nǹkan bíi 0.1 kelvin (0 kelvin ni òtútù tó ju gbogbo òtútù lọ), tí wọ́n sì dá dúró ní bèbè ibi tí iná mànàmáná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan. Ooru fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) kan ṣoṣo ti tó láti yí ìdíwọ́ náà padà lọ́nà tó ṣeé kà. Lórí ìtànṣán X tó jẹ́ nǹkan bíi 6,000 eV (ìwọ̀n agbára bíńtín), TES tó dáa ń ya agbára méjì tó fi 2 sí 3 eV jura wọn lọ sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ sílíkọ́nì tó dáa kì í lè yà wọ́n sọ́tọ̀ àfi tí ìyàtọ̀ wọn bá tó nǹkan bíi 125 eV. Àmọ́ TES kì í yára. Bí fótọ́ọ̀nù bá ń ya lu ara wọn, òmíràn á dé kó tó tutù tán, ìwọ̀n á sì dàrú. SQUID tó ń ka iná inú rẹ̀ kì í gba agbára mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ra, kódà ti ilẹ̀ ayé yìí; ẹ rí i dájú pé owó ìbòrí rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Tó bá jẹ́ àkókò, SNSPD ló borí. Wáyà tín-ín-rín ni, tí àwọn onímọ̀ kan ní Moscow gbé jáde lọ́dún 2001. Àṣìṣe àkókò rẹ̀ kì í sábà tó 100 picosecond (picosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), nǹkan bíi 2.5 kelvin sì ti tó o. Ṣùgbọ́n "ó dé" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Bí olùtajà bá ní tòun ń ka iye fótọ́ọ̀nù, ìyẹn kọ́ ni wíwọn agbára ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

MKID wà fún ẹni tó fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú (ibi tó ń gbá fótọ́ọ̀nù mú) lórí ìwọ̀nba wáyà, kálukú pẹ̀lú ìkànnì tirẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ rédíò. Kò ya agbára sọ́tọ̀ tó TES. Ojú kan ṣoṣo lẹ fẹ́? Ẹ fi í sílẹ̀.

Fìríìjì ló máa ń gbé owó lọ. Fún 0.1 kelvin, ADR tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ sábà máa ń dúró láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n tó tún un gbé dìde. Èyí tó ń lo helium-3 kì í dúró, ṣùgbọ́n gáàsì náà ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n.

Nínú ìwé àlàyé tí olùtajà fún yín nípa SNSPD, ìpín fótọ́ọ̀nù tó ń gbá mú àti iye ìró èké tó ń ṣe nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iye iná mànàmáná kan náà nínú wáyà rẹ̀, torí bí iná mànàmáná náà bá pọ̀ sí i, ìró èké náà á pọ̀ sí i. Fún TES, ẹ béèrè eV tí wọ́n rí nígbà tí fótọ́ọ̀nù ń wọlé níye tẹ́ ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe nígbà tó ń já wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.