Fíìmù Kan, Ìwé Kan àti Orin Tó Bá Wa Lo Ọyẹ́ Yìí ní Kàbbà

Ọyẹ́ tó mú ní Kàbbà lọ́dún yìí kì í ṣe kékeré. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, ilẹ̀kùn la ń tì. Inú ilé títì yẹn ni èmi àti Yèyé mi ti wo fíìmù kan tán, tí mo ka ìwé kan sí wọn létí, tí orin bàbá kan sì ń bá wa sùn. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó mú mi kọ̀wé nípa wọn ni bí wọ́n ṣe lo èdè. Ọmọ Okun, àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ni wá; Owé, ẹ̀ka èdè Kàbbà, la ń sọ nílé, etí wa sì máa ń tètè mọ Yorùbá tí ẹni tó ń sọ ọ́ kò kà sí.

Ṣaworoidẹ ni fíìmù náà. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ọdún 1999 ló sì jáde. Mo ti wò ó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àmọ́ ìlù nìkan ni mo rántí. Ìtàn ìlú Jogbo ni. Ẹni tó bá fẹ́ jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó bá ìlú mulẹ̀. Lápìtẹ́ fẹ́ adé, kò fẹ́ ìmùlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá lu ìlù tó ní ṣaworo idẹ lára nígbà tí ọba tí kò mulẹ̀ dé adé sórí, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Látìgbà tí a ti mọ èyí, gbogbo ìgbà tí Lápìtẹ́ bá ti fọwọ́ kan adé ni àyà èèyàn ń já. Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe Lápìtẹ́. Ó ṣe é débi pé ó ń bí mi nínú, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí, torí ojú rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ìtẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn agégẹdú. Wọ́n ń gé igbó Jogbo, owó ń wọ àpò àwọn ìjòyè, àwọn àgbẹ̀ ń sunkún. Mo mọ ìró ẹ̀rọ agégi yẹn. Láti inú oko bàbá mi la ti máa ń gbọ́ ọ, àá sì dúró, àá máa fetí wọ̀n ọ́n bóyá ó ń sún mọ́ wa. Nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú fíìmù, kò ṣe mí bí eré mọ́.

Ọ̀pálábá wá ni igi lẹ́yìn ọgbà fíìmù náà. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún 2017 ni wọ́n fi ayé sílẹ̀. Wọn kò kánjú. Wọn kò pariwo. Wọ́n á fi òwe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí kò sì ní ríbi mú un. Yèyé mi ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ nígbà tí a ń wò ó. Bí Ọ̀pálábá bá ti la ẹnu, ọwọ́ wọn á dúró lórí ẹ̀wà. Nígbà tó yá wọ́n gbé àtẹ náà sílẹ̀ pátápátá.

Ìkùnsínú mi kan ni Lágátà, ológun tó gbàjọba lọ́wọ́ Lápìtẹ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. Ọdún tí fíìmù náà jáde gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó yá jù. Kò tíì jókòó dáadáa tí òun náà fi gbé adé sórí. Mo fẹ́ kí wọ́n fún wa láyè láti bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀.

Ìwé náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: ẹ ṣí ìwé wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ rà lọ́jà, fọ́tókópì ni wọ́n dì bí ìwé. Ojú ewé mẹ́jọ kò sí níbẹ̀, àmì ohùn ti pòórá lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa ló yá mi ní tiẹ̀.

Ẹ má fi ojú nìkan kà á. Ẹnu ni wọ́n ń fi ka Fágúnwà. Gbólóhùn rẹ̀ a máa gùn; ní alẹ́ àkọ́kọ́, èémí tán mi lágbede méjì, mo ní láti padà sẹ́yìn. Ní alẹ́ kẹta mo ti mọ ibi tí wọ́n ti ń mí. Ìrìn Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, àti Kàkó àti àwọn ọdẹ yòókù lọ sí Òkè Lángbòdó ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí a dé ilé Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méje bẹ̀rẹ̀, ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ fo ojú ewé. Yèyé kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A kò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn títí di òní.

Orin náà, ti I. K. Dairo ni, bàbá tó mú àkọ́díọ̀nù wọ jùjú. Kì í gùn, kì í kún etí jù, ó dára fún òru. Ohun tí mo ń gbọ́ níbẹ̀ ni ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà. Bàbá fi ohùn ilé wọn kọrin, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì jó sí i, títí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi fún wọn ní oyè MBE ní 1963. Mo gbà pé àwọn ẹ̀ka èdè Okun, Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, náà tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí fíìmù gidi tí wọ́n ti ń kí ara wọn ní “Ọ̀kun o”, tí a óò sì rí aṣọ ìpò, aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, níbi ìsìnkú olóyè. Ọmọ Bùnú ni Yèyé mi. Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń to òwú, ẹni tó ń jókòó nídìí òfì àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò gbé fíìmù kankan sí i.

Lánàá ni wọ́n ní kí n tún gbé Ṣaworoidẹ sí i, ṣùgbọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Ọ̀pálábá ti ń sọ̀rọ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù kù díẹ̀ kó tán. Mo gbé e sí i.