Linux Mint 22: ọwọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni kọ́kọ́rọ́ wà

Ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò Linux Mint (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi ti Windows) tí mo ti kà, ẹwà ojú rẹ̀ àti bó ṣe ń yára lórí laptop tòkunbọ̀ ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni, ó ń yára lórí tèmi. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún ni pé, ta ló láṣẹ láti sọ irú áàpù tí màá fi sórí kọ̀ǹpútà tí mo fowó mi rà?

Láti 2017 tí Microsoft ti gbé Windows 10 S jáde, tó wá di S mode, àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í gba áàpù kankan àfi èyí tó bá ti inú Microsoft Store wá. Ọ̀fẹ́ ni jíjáde níbẹ̀, àmọ́ inú Store yẹn náà lẹ máa gbà jáde, ẹ ò sì lè padà mọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì lè fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, n ò bá a jiyàn.

Mint náà ní ohun tó ń dínà mọ́. Orí Ubuntu, ètò Linux mìíràn, ni wọ́n ti ń ṣe é, Ubuntu sì ń lo Snap, ọ̀nà kan tí áàpù ń gbà wọlé, èyí tí Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, nìkan ń darí ilé-ìtajà rẹ̀. Lórí Ubuntu, bí ẹ bá ní kí apt, irinṣẹ́ tó ń gbé áàpù wọlé, gbé Chromium tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì wá, Snap ló máa bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe Mint fi dínà mọ́ Snap láti Mint 20, ní 2020. Ẹ wá wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: fáìlì kékeré kan ni, nosnap.pref, nínú /etc/apt/preferences.d. Mo ṣí i, mo kà á. Wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí ojú ìwé àlàyé. Bí ẹ bá pa fáìlì náà rẹ́, ẹ lè fi Snap sí i, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ní Mint 22, wọ́n tún fi àwọn Flatpak (áàpù tí wọ́n dì lọ́nà mìíràn tó jọ Snap) tí a kò tíì mọ̀ dájú pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe áàpù náà ló ti wá pamọ́. Ẹ lè ṣí i nínú ètò Software Manager, ibi tí Mint ti ń gbé áàpù wá. Èmi ò ṣí tèmi, èmi ni mo sì yàn án bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wa .deb, fáìlì tí wọ́n di áàpù sí, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà, páásíwọọ̀dù tèmi ló ń bèèrè, kì í ṣe àkántì ilé-iṣẹ́ kankan. Kíbọọ̀dù Yorùbá sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí iṣẹ́ yín bá dá lórí Photoshop tàbí ojúlówó Microsoft Office, ẹ má tíì kó wá síbí o, wọn ò ṣe ẹ̀dà Linux. LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti Office, ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ tábìlì inú rẹ̀ lè yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

RAM 2GB ni ó kéré jù, 4GB ló dáa. Wọ́n máa ṣàtìlẹ́yìn fún un títí di 2029. Wíwà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì máa jẹ dátà tó 3GB. Ẹ gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan Windows yín rárá.