Géèmù The Witcher 3: ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ wọn ná, kí n tó sọ ti Ciri

Àbúrò mi ọkùnrin ló kó bá mi. Ó ra PS5, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, ó wá gbé PS4 rẹ̀ àtijọ́ fún mi pẹ̀lú CD géèmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀, The Witcher 3. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbá eléyìí. Ẹ máa bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀." Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbá a, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, nígbà tí iná bá wà. Mo bínú. N ò sì gbé e sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ti orílẹ̀-èdè Poland ló ṣe é. Ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, wọ́n sì ti tà á ju mílíọ̀nù 50 lọ. Geralt lẹ máa jẹ́, ọdẹ onírun funfun kan tí àwọn ará abúlé ń sanwó fún kó bá wọn pa iwin àti ẹbọra. Ó ń wá Ciri, ọmọ tó gbà tọ́, tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti ayé mìíràn ń lé kiri.

Aṣọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Obìnrin onídán kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Keira Metz, inú ahéré kan ní Velen ló ń gbé. Ogun ti ba ìlú náà jẹ́, ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀, àwọn ará abúlé fi àkísà wé ara bí ẹni tí ibà ń ṣe. Keira ní tirẹ̀ ṣí àyà sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdodo. Mo dúró, mo yí kámẹ́rà wò ó yípo, mo ní ta ló rán eléyìí, ṣé aṣọ ò tó télọ̀ ni? Geralt wọ ẹ̀wù ogun dé ọrùn. Lóòótọ́, wọ́n fi ìhòòhò tirẹ̀ náà hàn wá, inú báàfù la ti bá a níbẹ̀rẹ̀ géèmù. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti dé, òun máa ń wọṣọ.

Àbúrò mi ní kí n tiẹ̀ dúpẹ́. Nínú géèmù Witcher àkọ́kọ́, ti ọdún 2007, bí Geralt bá ti bá obìnrin kan sùn, géèmù á fún yín ní káàdì tí àwòrán obìnrin náà wà lórí ẹ̀, aṣọ díẹ̀ lára, kí ẹ máa kó wọn jọ bí ọmọdé ṣe ń kó ìdérí kóòkì jọ. Mo rò pé ó ń parọ́, mo lọ wò ó. Kò parọ́. Kò sí káàdì nínú ẹ̀kẹta yìí. Kódà bí ẹ bá ń fẹ́ Yennefer, obìnrin onídán kan, tí ẹ tún ń fẹ́ Triss, onídán mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì á gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n á so Geralt mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á bá tiwọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ Baron ni kò jẹ́ kí n sùn. Ológun ni, ọ̀mùtí ni, ó máa ń lu Anna ìyàwó rẹ̀. Oyún wálẹ̀ lára obìnrin náà, Baron sin ọmọ yẹn láìsọ ọ́ lórúkọ, Anna àti Tamara, ọmọ wọn obìnrin, sì sá nílé. Òkú ọmọ aláìlórúkọ náà wá di ohun abàmì. Ẹ lè pa á, ẹ sì lè ní kí Baron fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lóru, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sin ín sẹ́nu ọ̀nà ilé. Ìkejì ni mo mú. Géńdé ọkùnrin yẹn gbé ohun burúkú náà mọ́yà, ó ń gbọ̀n, ó pè é ní Dea. Mo gbé pad sílẹ̀, mo lọ mumi.

Ṣùgbọ́n ta ló ń rojọ́? Baron ni. Òun ló ráyè jókòó ro bí ogun ṣe pẹ́, bí ìyàwó ṣe yàn án lálè, bí ọtí ṣe mú un. Ká tó rí Anna nínú àbàtà, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta tó ń jọba níbẹ̀ ti gba iyè inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tamara nìkan ló sọ ojú abẹ níkòó. Àánú ọkùnrin náà ti ṣe mí kí n tó rántí pé ẹni tí wọ́n lù kò tíì sọ tẹnu ẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni géèmù yìí sọ mí dà.

Ó wá ku Ciri. Ìwọ̀nba la ti ń gbá a fúnra wa, á pòórá níwájú ọ̀tá, á yọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú idà. Mo fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó kù, Geralt ni bàbá, ẹ̀yin lẹ máa pinnu bó ṣe máa tọ́ ọ. Àwọn obìnrin onídán ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé, mo bá a wọlé. Inú bí i, ó fẹ́ fọ́ gbogbo nǹkan inú yàrá ẹnì kan, mo ní kó fara balẹ̀. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, mo sì rò pé mò ń ṣe dáadáa.

Ciri wọnú ilé ìṣọ́ kan lópin ìtàn, kò jáde mọ́. Geralt jókòó nínú ahéré, ó di ẹ̀gbà ọrùn kan mú, àwọn ẹbọra ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé CD ló há. Mo pe àbúrò mi.

"Kò há, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí ọmọ mí. Ìpàdé yẹn ńkọ́, ẹ bá a wọlé, àbí?"

"Mo bá a wọlé."

"Ẹ rí i báyìí."

Mo tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kó máa dá wọlé lọ. Ó fẹ́ fọ́ nǹkan, mo ní kó fọ́ ọ, èmi náà bá a fọ́ ọ. Inú ilé ọtí kan ni mo ti fún un ní idà tirẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì di ọdẹ.

Àgbà nìkan ló wà fún o, ọdún 18 ló wà lára páálí, ẹ má gbé e fọ́mọdé. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, aṣọ Keira ló jẹ ìkan tó kù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n kéde ẹ̀kẹrin, Ciri la ó máa gbá níbẹ̀ báyìí. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kó máa dágbére fún PS5 yẹn.