Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìlú Ọba lórí YouTube: ẹ wá wo bí lọ́yà ṣe ń di adájọ́

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń wo kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti England àti Wales lórí YouTube, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fẹ́yin tọ́mọ yín ń sọ pé lọ́yà lòun máa ṣe. Àbúrò mi obìnrin tó ń ka lọ́ọ̀ ló fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé wo kóòtù inú fíìmù, ẹ wo eléyìí." Mo ní kí n kàn fojú kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí méjì ni mo lò nídìí ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni o, dátà yín nìkan lẹ máa ná. November 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ni, Royal Courts of Justice ní Strand, London ni wọ́n ti ń jókòó. Èyí tẹ́ ò bá bá nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè padà wò, àmọ́ wọn ò gbà kéèyàn gbà á sílẹ̀ kó máa pín in kiri.

Wíìgì ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Mo ti ń retí adájọ́ tó dé wíìgì ńlá, àṣé àwọn lọ́yà tó wà nísàlẹ̀ ló dé e, irun ẹṣin yẹn, àwọn adájọ́ mẹ́ta tó wà lókè ò dé nǹkan kan sórí, gáùn dúdú tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lọ́rùn ni wọ́n wọ̀. Láti 2008 ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má retí ẹlẹ́rìí o, ẹ má retí ariwo. Wọ́n ti parí ti ẹ̀rí ní kóòtù ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbí ni bóyá adájọ́ tó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà lo òfin bó ṣe yẹ, lọ́yà sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, skeleton argument ni wọ́n ń pè é, àwọn adájọ́ ti kà á kí wọ́n tó jókòó, nítorí náà kò sáàyè kéèyàn máa rò látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Lọ́yà kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bàbá tóhùn ẹ̀ dùn, kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ìyá adájọ́ tó jókòó láàárín fi rọra bi í pé tá a bá gba ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn yẹn ńkọ́, kí ló máa wá kan òun? Bàbá ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó mu omi. Ó wá ní "mo gbà pé ibẹ̀ le, My Lady," ibi tó le yẹn gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé ẹ̀ lákọ̀tun. Orí mi wú. Ẹni tó ti dúró síbẹ̀ rí ló lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lọ́yà ti máa dùn ún, ìbéèrè lọ́yà ni ìyá yẹn bèèrè lórí àga adájọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wá ìtàn àwọn adájọ́ kóòtù yìí kà. Lórí ìwé, ẹni tó ti di barrister, ìyẹn lọ́yà tó ń dìde rojọ́ ní kóòtù, fún ọdún 7 lè dé àga yẹn, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Lord Denning, adájọ́ ìlú Ọba tó lókìkí yẹn, 1923 ló di barrister, ó di King's Counsel, ìyẹn oyè àgbà lọ́yà, ní 1938, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní 1944, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1948, òun náà ló wá padà di olórí ẹ̀ka yìí láti 1962 dé 1982. Elizabeth Butler-Sloss ní tiẹ̀, barrister ní 1955, ilé ẹjọ́ gíga ní 1979, 1988 ló di obìnrin àkọ́kọ́ ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, òfin ò sì tíì lórúkọ tó máa pe obìnrin nípò yẹn, Lord Justice, orúkọ oyè ọkùnrin, ni wọ́n kọ fún un! Ọdún 33 lẹ́yìn tó di barrister. Mo máa ń rántí ẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ "My Lady" nínú fídíò.

Ẹ múra sílẹ̀ fún nǹkan kan ṣá. Wọ́n á máa ní "ẹ ṣí ojú ìwé báyìí báyìí," ẹ̀yin ò sì ní rí ìwé kankan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dúró de ìdájọ́, màá kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Find Case Law, ìkànnì tí National Archives ìlú Ọba ń kó ìdájọ́ sí, màá wá padà wo fídíò, gbogbo ẹ̀ á wá yé mi kedere.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un tọkàntọkàn. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ tó ń ka lọ́ọ̀ nílé, ẹ jẹ́ kó ṣe é bíi ti àbúrò mi: tí adájọ́ bá ti bèèrè ọ̀rọ̀, á dá fídíò dúró, á dìde dúró nínú yàrá, á dáhùn tiẹ̀ sókè ketekete, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ti lọ́yà.