WhatsApp ló jẹ́ kí ilé wa tún máa rẹ́rìn-ín pọ̀

Òṣogbo ńbí ni mo wà, lápá Òkè-Fìà, àbúrò mi ń bẹ ní Ẹdẹ, brọ̀dá wa àgbà wà ní Kánádà. Ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ọdún 2018 yẹn, èyí tí wọ́n tún dì ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, oṣù mẹ́ta gbáko wọn ò kíra wọn, tìtorí ẹgbẹ́ òṣèlú! Màámi sunkún gan-an.

Kí ti 2022 tó dé mo ti yáa kó gbogbo wa sórí group call WhatsApp, alaalẹ́ Sọ́ńdè, ó ń gba èèyàn 32 kẹ̀ẹ̀, tọmọtọmọ la máa ń wọlé, Màámi á ṣàdúrà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Voice note ni mo fẹ́ràn jù o, torí màmá ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, oríkì ni wọ́n fi ń jí wa láàárọ̀, brọ̀dá á gbọ́ tiẹ̀ ní Kánádà ọkàn ẹ̀ á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Mẹ́séèjì tó bá ti tọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dín àhesọ kù lásìkò ìbò. Dátà ló wọ́n, ẹ má tan fídíò, ohùn nìkan tó.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un.