Jaguar XJ6 Series III àbí Silver Shadow: ẹ wo omi kẹ́ ẹ tó wo awọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London níbí tẹ́ ẹ ń wo mọ́tò ńláńlá àtijọ́ àwọn òyìnbó yìí bí ẹni ń wo ìyàwó, ẹ gbọ́ tèmi ná. Mo ra Rolls-Royce Silver Shadow ti 1974 rí, kò pé ọdún kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, Jaguar XJ6 ti 1982, ẹ́ńjìnnì lítà 4.2, tó wà níwájú ilé mi báyìí sì ti ń lọ sọ́dún kẹsàn-án. Pé àga awọ àti pákó ló wà nínú wọn, gbogbo yín lẹ mọ̀yẹn.

ULEZ kọ́kọ́ ná, owó tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ ní London lórí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ bá pọ̀. Mọ́tò tó bá ti lé lógójì ọdún tẹ́ ẹ sì fi sí historic, ìyẹn ìsọ̀rí mọ́tò àtijọ́ nínú ìwé ọkọ̀, kì í san án, kì í san road tax náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá sí X300, XJ6 tó dé lẹ́yìn, ti 1994 sí 1997, ẹ́ńjìnnì AJ16 inú ẹ̀ le bí òkúta lóòótọ́, ṣùgbọ́n £12.50 lójúmọ́ kan tẹ́ ẹ bá ti gbé e jáde, ó tì o.

Omi ló jẹ mí lówó. Alúmíníọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì Shadow, sílíńdà onírin ni wọ́n kì bọ inú ẹ̀ tómi ń yí i ká, rọ́bà ló sì wà nísàlẹ̀ tí ò jẹ́ kómi kan ọ́ìlì. Wọ́n wá dá ihò kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ bulọ́ọ̀kù, pé tí rọ́bà bá ti gbó, omi á máa ro níbẹ̀, ẹ ó tètè rí i. Bàbá tó ta tèmi fún mi ti fi sílíkóònù dí gbogbo ihò yẹn pa, ó tún kun ún, ó jọ pé omi ẹ̀rọ lásán ló sì ti ń bù sí i látọdúnmọ́dún, kò sí kúláǹtì, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kómi ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́, kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ wò ó, ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí n tó dé, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní ah, bàbá yìí mà láájò, kò fẹ́ kí n dúró pẹ́ nínú òtútù. Oṣù kẹfà tí mo rà á ni mẹkáníìkì tú ọ́ìlì ẹ̀, ohun tó ń dà jáde ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bíi Milo tó ti gba mílíìkì. Iye tí wọ́n pè láti tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £8,000 tí mo fi ra mọ́tò. £3,200 ni mo tà á, mo sì dúpẹ́.

Ṣé omi ò lè ba XJ6 jẹ́ ni? Ó lè bà á jẹ́ dáadáa. Àwọn bóòtù gígùn tó di orí ẹ́ńjìnnì mú gba inú omi kọjá, wọ́n á dógùn-ún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú orí ẹ̀ ni wọ́n á kán. Ṣùgbọ́n irin ni bulọ́ọ̀kù tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì XK tí wọ́n ti ń ṣe láti 1948 títí di 1992 náà ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n tú ò wọ́n, pátì ẹ̀ wà nílẹ̀ bí iyọ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ń wò, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, tómi ẹ̀ bá pọ́n bí àádùn, ẹ máa lọlé. Tó bá mọ́, ẹ wà á wọ gosiló Old Kent Road, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ aago ìgbóná.

Ẹni tó ní XJ12, Jaguar onísílíńdà méjìlá, wu òun, dísíríbútọ̀ ẹ̀, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, lẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò, torí tí ohun tó ń yí táímíǹgì nínú ẹ̀ bá ti gan, iná á máa pẹ́ bù, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná láìjẹ́ pé rédíétọ̀ ṣe nǹkan kan.

Bíréèkì: ti Shadow, ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní RR363 nìkan ló ń mu, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bu mineral oil sí i. Epo bẹntiróòlù: àwọn méjèèjì lọ̀mùtí, Shadow lẹ̀gbọ́n. Ìdógùn-ún: XJ6 máa ń jẹ lára, tánkì epo ẹ̀ méjèèjì náà máa ń jò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Mi ò bá Shadow jà o. Tẹ́ ẹ bá lówó ẹ́ńjìnnì kejì nílẹ̀, tẹ́ ẹ sì rí èyí tí ihò ẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó gbẹ, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ 4.2 tó ní rìsíìtì kúláǹtì lẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, torí àbúrò mi ń wá ọ̀kan.